Háàdì díráìfù alágbèéká: ṣé ó yẹ kí ẹ fowó lé owó nítorí lọ́ọ̀kù inú rẹ̀?

Ẹ ní kí alájọ òde òní mú ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn ọlọ́jà sí jáde, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni yóò nawọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ayàwòrán tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó, ti olùdarí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ti akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ti ilé oògùn tó wà ní ìkòríta. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù wọn, iye tí wọ́n dá àti iye tí wọ́n jẹ, gbogbo rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé ńlá tí wọ́n máa ń tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó ti di ti inú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá gbọ́n nínú wọn sì mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lè bàjẹ́ nígbàkigbà. Ìdí nìyẹn tó fi ń ra háàdì díráìfù alágbèéká, èyí tí àwọn ará Computer Village ní Ìkẹjà kàn ń pè ní external, tó sì ń da ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ìyẹn dáa, a ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí a ṣe yìí dáadáa. Òwò ọdún mẹ́wàá ti wọ inú nǹkan pẹlẹbẹ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju fóònù lọ. Ó lè jábọ́ nínú báàgì lórí ọ̀kadà, wọ́n lè jí i nínú mọ́tò, ọmọṣẹ́ lè tì í bọ àpò kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì tẹ̀ ẹ́ kò nílò ọgbọ́n kankan. Yóò kàn fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni, gbogbo fáìlì yóò sì tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Owó tí ẹ fi ra díráìfù yẹn ló kéré jù nínú àdánù náà. Ẹ rò ó wò pé gbájúẹ̀ kan pe ìyá aláta kan lórí fóònù, tó dárúkọ rẹ̀ fún un, tó sọ iye gan-an tó ti dá láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tó wá ní àwọn ti yí àkáǹtì tí wọ́n ń san owó sí padà. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí ni àwọn ọlọ́jà ti máa ń mú irú kan tó wọ́n jù jáde, wọn á ní, "Èyí ní lọ́ọ̀kù nínú, kò sẹ́ni tó lè ṣí i." Owó rẹ̀ máa ń ju ti èyí tí gbogbo èèyàn ń rà lọ dáadáa, pàápàá èyí tó ní bọ́tìnnì nọ́ńbà lára. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni iṣẹ́ tí lọ́ọ̀kù náà ń ṣe, ibi tó ti ń já èèyàn kulẹ̀, àti irú oníṣòwò tó yẹ kó náwó lé e.

Lọ́ọ̀kù méjì tí wọ́n ń dà pọ̀

Àwọn lọ́ọ̀kù kan wà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n ń ṣọ́. Bí ẹ bá so díráìfù náà mọ́ kọ̀ǹpútà, yóò béèrè páásíwọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kó sínú rẹ̀ wà níbẹ̀ gan-an bí ẹ ṣe kó o sí i. Ẹni tó bá tú ike ara rẹ̀, tó yọ díráìfù inú rẹ̀, tó sì so ó mọ́ ibòmíràn ti gba ojú fèrèsé wọlé. Irú lọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe ju kó lé ọmọdé sẹ́yìn lọ.

Irú kejì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní encryption. Èyí kì í ti ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ inú ilé gan-an ló ń dà rú. Kí lẹ́tà kan tó dé orí díráìfù, wọ́n á ti fi ìṣirò pò ó pọ̀ débi pé ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi pò ó kò ní rí nǹkan kan tó nítumọ̀ kà níbẹ̀. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò ni AES, èyí tí ọmọ Belgium méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, gbé kalẹ̀, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí lọ́dún 2001. Títí di bí a ṣe ń wí yìí, kò sí ọ̀nà kan tí ayé mọ̀ tí èèyàn lè gbà já AES fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ. Torí náà, bí ẹ bá rí AES 256 lára páálí, nǹkan gidi ni. Inú ọ̀rọ̀ "bó ṣe yẹ" yẹn ni gbogbo wàhálà wà.

Chip lè ṣe iṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà sì lè ṣe é. Bó bá jẹ́ chip, ẹ̀rọ kékeré kan ló jókòó sáàárín okùn àti díráìfù, tó ń da ọ̀rọ̀ rú bó ṣe ń wọlé, tó sì ń tò ó padà bó ṣe ń jáde. Èyí ni hardware encryption tí wọ́n ń kọ sára páálí. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà, òun ló máa da ọ̀rọ̀ rú kó tó fi ránṣẹ́ sí díráìfù. BitLocker ń ṣe é lórí Windows Pro, kọ̀ǹpútà Apple ní tirẹ̀, VeraCrypt náà sì wà tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux.

Chip ní àǹfààní tirẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ fi dù ú. Èyí tó ní bọ́tìnnì nọ́ńbà lára, ara díráìfù gan-an ni ẹ ti máa tẹ nọ́ńbà yín, kò sí ètò kankan tí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbé sórí kọ̀ǹpútà. Ó dáa fún ẹni tó ń lọ láti ọ́fíìsì oníbàárà kan sí òmíràn, níbi tí wọn kò ti ní gbà á láyè láti gbé VeraCrypt sórí kọ̀ǹpútà wọn. Nǹkan míì ni pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára díráìfù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń pa kọ́kọ́rọ́ náà rẹ́ pátápátá bí olè bá ti ṣi nọ́ńbà tẹ̀ ní iye ìgbà kan. Ní ti ọ̀rọ̀ pé encryption tí kọ̀ǹpútà ń ṣe máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ falẹ̀, ti àtijọ́ nìyẹn. Láti ọdún 2010 ni Intel ti ń fi iṣẹ́ AES sínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà lónìí ló sì ní in. Díráìfù tó ń yí gan-an ló máa ń falẹ̀ ju encryption lọ.

Ohun kan wà tó yẹ kó yé yín níhìn-ín, torí òun ni yóò jẹ́ kí ìyókù yé yín. Páásíwọ́ọ̀dù yín kọ́ ni wọ́n fi ń da ọ̀rọ̀ rú. Díráìfù náà ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, nọ́ńbà gígùn kan tí ẹ̀yin fúnra yín kò ní fojú rí láé. Páásíwọ́ọ̀dù yín ló ń ṣí àpótí tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù láàárín ìṣẹ́jú kan lórí díráìfù tó kún fọ́fọ́: àgádágodo ara àpótí ni ẹ pààrọ̀, ẹ kò fọwọ́ kan ẹrù inú ilé. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe díráìfù bá wá kan àpótí náà tí kò dé dáadáa, kí ni AES fẹ́ ṣe sí i?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Lóṣù kẹwàá, ọdún 2011, ọ̀rọ̀ háàdì díráìfù kan tó sọnù ní ọgbà ẹ̀wọ̀n High Down ní Surrey dé etígbọ̀ọ́ ICO, ọ́fíìsì tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ aráàlú níbẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n 16,000 ni àkọsílẹ̀ wọn wà nínú rẹ̀, kò sì sí encryption kankan lórí rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n kò káwọ́ gbera. Lóṣù karùn-ún, ọdún 2012, wọ́n pín díráìfù tuntun, èyí tó ní encryption nínú, fún gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n 75 ní England àti Wales tó ṣì ń fi irú díráìfù bẹ́ẹ̀ pa ẹ̀dà àkọsílẹ̀ mọ́. Èèyàn á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Lóṣù karùn-ún, ọdún 2013, díráìfù tún sọnù, lọ́tẹ̀ yìí ní ọgbà Erlestoke ní Wiltshire. Àkọsílẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n 2,935 ló bá a lọ: ọ̀rọ̀ ìlera wọn, àwọn ọ̀daràn tí wọ́n bá da nǹkan pọ̀, oògùn olóró tí wọ́n ti lò rí, títí dé ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe ní ibi àti àwọn tó ń bẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí ICO wádìí rẹ̀, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé àwọn aláṣẹ kò mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ tan encryption tó wà nínú àwọn díráìfù tuntun náà kó tó lè ṣiṣẹ́. Fún ohun tó lé ní ọdún kan ni wọ́n fi ń kó àṣírí àwọn ẹlẹ́wọ̀n sínú díráìfù tí wọ́n ti sanwó lọ́ọ̀kù rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rí. Lóṣù kẹjọ, ọdún 2014, ICO bu owó ìtanràn £180,000 lé ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ lórí.

Bí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ní àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lábẹ́ rẹ̀ bá lè ṣe èyí, kí ni a fẹ́ sọ nípa ilé oògùn tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta? Ìwé pélébé tó bá díráìfù wá nínú páálí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á. Díráìfù mìíràn kì í béèrè páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín títí tí ẹ fi máa ṣí ètò rẹ̀ tí ẹ ó sì yan páásíwọ́ọ̀dù fúnra yín.

Nígbà tí lọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ kò dáa

Àwọn ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó rà á ṣe gbogbo ohun tó yẹ, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni kò ṣe tirẹ̀. Lọ́dún 2008, ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà c't ní Jámánì tú àpótí díráìfù kan tí wọ́n kọ AES sí lára, wọ́n sì rí i pé ìṣirò yẹpẹrẹ kan tí ẹni tó mọ iṣẹ́ lè tú ni chip inú rẹ̀ fi ń da àkọsílẹ̀ rú.

Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu jù ni ti fláàṣì Kingston, SanDisk àti Verbatim tí àṣírí rẹ̀ tú láàárín ìparí ọdún 2009 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010. Fláàṣì olówó ńlá ni wọ́n, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí FIPS 140-2 ti ìjọba Amẹ́ríkà, AES inú wọn kò sì ní àbùkù. Ilé-iṣẹ́ SySS ní Jámánì ló wá ṣàkíyèsí pé ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ló ń yẹ páásíwọ́ọ̀dù wò. Bó bá ti tọ̀nà, ètò náà á fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí fláàṣì pé kó ṣí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, sí gbogbo fláàṣì irú rẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù yòówù kí ẹni tó ni í yàn. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn kò nílò páásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni mọ́. Kingston ní kí àwọn tó ra tirẹ̀ dá a padà. Àwọn méjì yòókù gbé àtúnṣe jáde.

Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Radboud nílẹ̀ Netherlands, Carlo Meijer àti Bernard van Gastel, tún rí ohun tó jọ ọ́ lára àwọn SSD Crucial àti Samsung kan, títí kan T3 àti T5 tó jẹ́ alágbèéká. BitLocker ti Windows, nígbà náà, bí díráìfù bá ti sọ pé òun ní encryption tòun, ó máa ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un láìbéèrè. Lóṣù kẹsàn-án, ọdún 2019, Microsoft yí èyí padà: láti ìgbà náà, Windows fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà lórí díráìfù tuntun, àfi bí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí ló wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀. Microsoft tó mọ àwọn tó ń ṣe díráìfù dáadáa kò fẹ́ fọkàn tán ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lásán mọ́.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ rí báyìí kò ṣòroó mọ̀. VeraCrypt, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́n tó lè ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́ láti òkè délẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ti chip, inú ike ló wà, ẹ̀yin àti èmi kò lè rí i. Ìwé ẹ̀rí FIPS dáa ju àìsí lọ, èyí tó lòde báyìí sì ni FIPS 140-3, ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé àwọn fláàṣì ọdún 2010 náà ní ìwé ẹ̀rí tiwọn lọ́wọ́.

Bí lọ́ọ̀kù bá wá ti olówó mọ́ta

Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọgbọ́n kan tí wọ́n máa ń dá bí external bá kú: wọ́n á yọ díráìfù inú rẹ̀, wọ́n á fi sínú àpótí mìíràn, lọ́pọ̀ ìgbà fáìlì á sì jáde. Bí chip bá ń ṣe encryption, ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ wà pẹ̀lú bọ́ọ̀dù tó kú, ohun tó wà lórí díráìfù sì ti di àdàrúdàpọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àwọn díráìfù kan, bí ọ̀pọ̀ nínú My Passport ti Western Digital, máa ń da ọ̀rọ̀ rú bẹ́ẹ̀ kódà bí ẹ kò bá yan páásíwọ́ọ̀dù kankan. Ẹ kò jẹ àǹfààní lọ́ọ̀kù, ẹ sì tún jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹni tó bá sì gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, kó má retí pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe díráìfù yóò ràn án lọ́wọ́. Lóṣù kìíní, ọdún 2021, ìwé ìròyìn New York Times gbé ìròyìn Stefan Thomas jáde, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní San Francisco tó kó kọ́kọ́rọ́ bitcoin 7,002 sínú fláàṣì IronKey, tó sì sọ ìwé tó kọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí nù. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá péré ni IronKey ń gbà kí èèyàn dán an wò kó tó ti ara rẹ̀ pa títí ayé, ó sì ti lo mẹ́jọ níbẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là ni iye owó tó wà nínú nǹkan kékeré yẹn. Lọ́dún 2023, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Unciphered sọ fún ìwé ìròyìn Wired pé àwọn ti rí ọ̀nà ṣí irú IronKey bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí: lọ́ọ̀kù tó le tó láti ti olówó mọ́ta fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn mìíràn sì tún rí ọ̀nà gbà á kọjá.

Òfin ti wọ̀ ọ́

Ẹni tó bá ń kó àkọsílẹ̀ ọlọ́mọọlọ́mọ pa mọ́ ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ìfẹ́ inú. Lóṣù kẹfà, ọdún 2023, ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin Nigeria Data Protection Act. Òfin náà ní kí ẹni tó ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dáàbò bò ó, ó sì dárúkọ encryption nínú àwọn ọ̀nà tó lè gbà ṣe é. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni í lára, wákàtí 72 ni ẹ ní láti fi tó àjọ tó ń rí sí i létí. Owó ìtanràn ẹni tó bá rú òfin náà lè tó mílíọ̀nù méjì náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀. Ti àwọn tí òfin kà sí pàtàkì jù, mílíọ̀nù mẹ́wàá ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni kí ẹ rà?

Ní ti díráìfù fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹ ra èyí tó kéré, tó ń gba iná láti ara kọ̀ǹpútà. Àwọn ńlá tó nílò iná tiwọn kò bá ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wa mu, bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ fáìlì, ó lè ba tibẹ̀ jẹ́. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú, torí náà bó bá já bọ́ kò ní fara pa bí èyí tó ní àwo, àmọ́ ó wọ́n jù ú lọ. Bí ẹ bá ra 1TB tí Windows pè é ní nǹkan bí 931GB, ẹ má bá ọlọ́jà jà, bí wọ́n ṣe ń kà á ló yàtọ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ bá a jà lé lórí ni "16TB" tí owó rẹ̀ kéré sí ti 1TB tó ní orúkọ. Ayédèrú ni. Fláàṣì kékeré ni wọ́n fi sínú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ọ láti máa parọ́. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ H2testw, yóò kọ nǹkan kún díráìfù náà, yóò sì kà á padà. Níbẹ̀ ni irọ́ náà yóò ti hàn.

Ní ti lọ́ọ̀kù, èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò nílò láti fowó kún owó nítorí chip. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ọ̀kan tó ní bọ́tìnnì, ẹ fi ra méjì tí kò ní, kí ẹ ti méjèèjì pa pẹ̀lú BitLocker tàbí VeraCrypt, kí ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí èkejì wà nílé. Bí ọ̀kan bá kú tàbí tí wọ́n jí i, òwò yín kò ní dúró. Díráìfù kan ṣoṣo, bó ti wù kí lọ́ọ̀kù rẹ̀ lágbára tó, bí ó bá já bọ́ ó ti tán. Ẹni tí mo lè ní kó ra oníbọ́tìnnì ni akáńtá tàbí lọ́yà tó ń gbé àkọsílẹ̀ láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn, tàbí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fi lé ọwọ́ òṣìṣẹ́ tí kò mọ kọ̀ǹpútà púpọ̀. Ìyẹn náà, kó rí i pé òun ní ẹ̀dà sí ibòmíràn.

Nígbà tí díráìfù bá ṣì ṣófo ni kí ẹ tì í. Fáìlì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kódà èyí tí ẹ ti pa rẹ́, àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣì lè wú u jáde. VeraCrypt tilẹ̀ lè nu gbogbo ohun tó bá bá lórí rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tó bá bi yín. Windows Home kò lè fi BitLocker ti external pa, ṣùgbọ́n ó lè ṣí èyí tí Windows Pro ti tì. BitLocker yóò fún yín ní nọ́ńbà ìgbàlà tó jẹ́ 48. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, kí ẹ sì kó ìwé náà síbi tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ yín sí. VeraCrypt kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, torí náà páásíwọ́ọ̀dù gan-an ni kí ẹ kọ sílẹ̀ síbi ìkọ̀kọ̀, kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán sì mọ ibẹ̀, torí iṣẹ́ kì í dúró nígbà tí ara ọ̀gá kò bá yá. Bí ẹ bá sì ti da ẹ̀dà tán, ẹ yọ okùn. Lọ́ọ̀kù tí ẹ ti ṣí kò lè dá kòkòrò kọ̀ǹpútà dúró.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ gbé díráìfù náà lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí ẹ kò tíì so ó mọ́ rí. Bó bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù, ẹ fi èyí tí kò tọ̀nà sí i ná kí ẹ wò ó bóyá yóò kọ̀, kí ẹ tó fi èyí tó tọ̀nà, kí ẹ sì ṣí fáìlì méjì tàbí mẹ́ta wò bóyá wọ́n pé. Bó bá jẹ́ pé fáìlì yín ló là sílẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan, ẹ kò tíì tì í.